Bí a ṣe ń rí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí olè ṣí sínú kọ̀ǹpútà, àti bí a ṣe ń tì í pa

Iná kékeré kan ni ó kọ́kọ́ ṣí olùkọ́ kan lójú. Ó ń kọ máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan nígbà tí iná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣàdédé tàn, tí ó wà bẹ́ẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta, tí ó sì kú. Kò pe ẹnikẹ́ni lórí fídíò, kò sì ṣí ohunkóhun tó ń lo kámẹ́rà. Ó gbójú fò ó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àbúrò rẹ̀ tó wà ní Àjàṣẹ́ pè é, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìwé wo ni ẹ ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí ímeèlì tí kò ṣeé ṣí yìí?” Olùkọ́ náà kò fi ìwé kankan ránṣẹ́. Ọjọ́ yẹn ni ó gbé kọ̀ǹpútà náà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ó ní, “Ẹ bá mi wò ó, ó dà bí ẹni pé kì í ṣe èmi nìkan ni mo wà nínú rẹ̀.” Òótọ́ ni ó sọ.

Ohun tí mo bá nínú rẹ̀ ni àwọn elédè Faransé ń pè ní porte dérobée, èyí tí èmi ń pè ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Kì í ṣe irú kòkòrò tó ń ba fáìlì jẹ́, kì í sì í ṣe irú èyí tó ń ti fáìlì pa kí ó tó béèrè owó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó fara sin, kí ẹni tó rán an lè máa wọlé kí ó sì máa jáde nígbà tó bá wù ú: kí ó máa ka gbogbo ohun tí ẹ bá tẹ̀, kí ó máa wo ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà yín, kí ó kó ìwé yín lọ, kí ó tan kámẹ́rà, kí ó sì tún mú kòkòrò mìíràn wọlé nígbà tí ti àkọ́kọ́ bá ti fìdí múlẹ̀. Irú nǹkan báyìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1998 ni ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà gbé Back Orifice jáde láti fi hàn bí ó ti rọrùn tó láti jókòó sí ibòmíràn kí ènìyàn sì máa darí kọ̀ǹpútà Windows ẹlòmíràn. Láti ìgbà náà, àwọn tó fẹ́ jalè ti ní irinṣẹ́ tó pọ̀ ju ìyẹn lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì béèrè ìmọ̀ jinlẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ńṣe ni olè náà ń kan ilẹ̀kùn láti ìta, ìdí nìyí tí ó fi ń yà wọ́n lẹ́nu pé kọ̀ǹpútà tí odi ààbò rẹ̀, èyí tí Windows ń pè ní pare-feu, ń ṣiṣẹ́ dáadáa tún lè ní àlejò nínú. Ẹ rántí Àkàbà Ìdènà wa ní Kétu níbí, ibodè àtijọ́ tí wọ́n fi ń ṣọ́ ìlú. Oníbodè a máa bi ẹni tí ń wọlé pé ta ni, àti pé níbo ni ó ti ń bọ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà da ọmọ ìlú tí ń jáde lọ sí oko dúró. Ọgbọ́n yìí gan-an ni àwọn kòkòrò wọ̀nyí ń lò. Wọn kì í jókòó de ọ̀gá wọn. Láti inú kọ̀ǹpútà yín ni wọ́n ti ń pè é, odi ààbò a sì rò pé ẹ̀yin ni ẹ ń ṣí ojú ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, bí a bá ń wá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹni tí ń jáde ni kí a fi ojú ṣọ́ jù lọ.

Àwọn àmì tó yẹ kí ó mú ènìyàn fura

Mo fẹ́ kọ́kọ́ tu àwọn kan nínú: kí kọ̀ǹpútà lọ́ra nìkan kò tó ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń gbé wá bá mi nítorí pé ó ń falẹ̀ kò ní kòkòrò kankan; dísìkì rẹ̀ ló kún, tàbí kí ó jẹ́ pé Windows ń gba àtúnṣe tuntun wọlé lábẹ́lẹ̀, tàbí kí ó jẹ́ pé eruku ti dí fáànù rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ fojú sí ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ pàṣẹ rẹ̀. Kí máòsì máa rìn fúnra rẹ̀, kí iná kámẹ́rà tàn, kí antivirus, ètò tí ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ kòkòrò, kú kí ó sì kọ̀ láti jí nígbà tí ẹ bá tàn án, kí ẹ rí orúkọ aṣàmúlò kan tí ẹ kò dá sílẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń béèrè ẹni tó fẹ́ wọlé, kí Google tàbí Facebook kọ̀wé sí yín pé ẹnìkan wọ inú àkántì yín láti ìlú tí ẹ kò dé rí, kí àwọn ọ̀rẹ́ yín máa gba ìwé tí ẹ kò kọ: èyíkéyìí nínú wọn tó láti dá iṣẹ́ dúró.

Àmì kan wà tí àwa tí a ń ra ìwọ̀n íntánẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀ lè tètè rí ju àwọn tí tiwọn kì í tán lọ. Bí forfait, ìyẹn ìwọ̀n íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ rà, tí ó máa ń tó yín fún ọ̀sẹ̀ kan bá wá ń tán láàárín ọjọ́ méjì, tí ẹ kò sì wo fídíò, ẹ lọ sí Paramètres, ẹ ṣí ibi tí wọ́n kọ Réseau et Internet sí, kí ẹ sì wo Utilisation des données. Windows yóò to orúkọ gbogbo ètò kọ̀ǹpútà tó ti jẹ nínú ìwọ̀n yín síbẹ̀, àti iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ. Níbẹ̀ ni olùkọ́ náà àti èmi ti rí orúkọ kan tí kò yẹ kí ó jẹ ohunkóhun rárá.

Kí ẹ má fojú kéré ìfura kékeré. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2024, onímọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Andres Freund kéde pé òun ti rí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nínú xz, ètò kan tí a fi ń fún fáìlì pọ̀, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí Linux ń darí dípò Windows káàkiri ayé ń lò. Ohun tó mú un fura kò ju pé wíwọlé sórí ẹ̀rọ kan láti ọ̀nà jíjìn fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Ó lè dákẹ́ kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó tọpa rẹ̀ títí ó fi bá a nínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1, kí ó tó tàn dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba àti ilé-iṣẹ́ ń lò.

Ẹ já okùn náà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù nìyí: bí ènìyàn bá ti fura, ẹsẹ̀ kan náà ni yóò ṣí ímeèlì rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà náà gan-an láti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, èyí tí a ń pè ní mot de passe. Ẹni tí ń ka ohun tí ẹ ń tẹ̀ ni ẹ ń ka tuntun náà fún yẹn. Ẹ kọ́kọ́ pa Wi-Fi, ẹ yọ wáyà bí ó bá wà, kí ẹ sì pa íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń pín láti orí fóònù. Bí ọwọ́ ẹlòmíràn bá ń darí máòsì lójú yín, ẹ má ṣe wo ohun tó fẹ́ ṣe. Ẹ já okùn náà lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ẹ̀rọ mìíràn tí ẹ gbẹ́kẹ̀lé, fóònù yín tàbí kọ̀ǹpútà ẹni tó mọ́, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ímeèlì. Ímeèlì ni ìyá gbogbo wọn, nítorí pé ẹni tó bá ní i lọ́wọ́ lè fi béèrè ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tuntun fún gbogbo àwọn àkántì yòókù. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ má dúró síbẹ̀. Kòkòrò wọ̀nyí a máa jí àmì ìdánimọ̀ tí ẹ̀rọ aṣàwárí, bíi Chrome tàbí Firefox, fi ń rántí yín, èyí tó túmọ̀ sí pé olè lè wà nínú àkántì yín láìmọ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé rárá. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń fi gbogbo ẹ̀rọ tó wà nínú àkántì hàn, kí ẹ sì lé gbogbo wọn jáde. Nínú ètò ímeèlì náà, ẹ wò bóyá ẹnìkan ti pàṣẹ pé kí gbogbo lẹ́tà yín máa lọ sí àdírẹ́sì mìíràn. Àṣẹ bẹ́ẹ̀ kì í kúrò bí ẹ tilẹ̀ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé. Lórí WhatsApp, ẹ ṣí Appareils connectés lórí fóònù, kí ẹ sì yọ kọ̀ǹpútà náà kúrò. Lẹ́yìn èyí, ẹ tan ìdánilójú onípele méjì, kí nọ́ńbà kan máa wá sórí fóònù yín kí ẹnikẹ́ni tó lè wọlé. Bí ẹ bá ti tẹ nọ́ńbà àṣírí MTN MoMo tàbí Moov Money yín sínú ìwé kan lórí kọ̀ǹpútà náà kí ẹ má baà gbàgbé, gẹ́gẹ́ bí mo ti rí i lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ oníṣòwò, ẹ pààrọ̀ òun náà lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Bí a ṣe ń wá a rí

Nígbà tí àwọn àkántì bá ti wà láìléwu, ẹ lè dá íntánẹ́ẹ̀tì padà sórí kọ̀ǹpútà náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin péré, nítorí pé olè tí kò rí ọ̀nà jáde kò ní fi ara hàn. Ẹ pa ẹ̀rọ aṣàwárí àti gbogbo ohun tó lè máa lo íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ cmd sínú àpótí ìwádìí Windows, ẹ tẹ ọ̀tún máòsì lórí Invite de commandes, kí ẹ sì mú Exécuter en tant qu’administrateur. Nínú ojú dúdú tó bá ṣí, ẹ kọ èyí:

netstat -ano

Lórí kíbọ́ọ̀dù Faransé tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, orí bọ́tìnnì 6 ni ìlà kékeré náà wà, láìtẹ Maj. Nígbà tí àkójọ bá jáde, ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì já okùn padà. Ẹ wá jókòó kà á.

Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìsopọ̀ kan. Adresse distante ni ibi tí ó ń lọ, État ni ipò tó wà, PID sì ni nọ́ńbà ètò tó ni ìsopọ̀ náà. Ẹ má ṣe bẹ̀rù àwọn ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 127.0.0.1 ní ìhà méjèèjì, kọ̀ǹpútà náà ló ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn tí wọ́n kọ ESTABLISHED sí, tí wọ́n sì ń lọ sí àdírẹ́sì ìta, ni kí ẹ tọ́ka sí. Windows fúnra rẹ̀ yóò ní díẹ̀ nínú wọn. Ẹ mú PID ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ Ctrl, Maj àti Échap papọ̀ láti ṣí Gestionnaire des tâches, ẹ lọ sí Détails, ẹ wá nọ́ńbà náà, ẹ tẹ ọ̀tún máòsì lórí rẹ̀, kí ẹ sì mú Ouvrir l’emplacement du fichier. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ètò kan ní ibí yìí ni pé, níbo ni ilé rẹ wà?

Ní ti kọ̀ǹpútà olùkọ́ náà, PID tó gbé ìsopọ̀ náà jáde ń jẹ́ svchost.exe. Orúkọ rere ni. Windows ní èyí tó pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà gbogbo. Ṣùgbọ́n inú C:\Windows\System32 ni ojúlówó svchost.exe ń gbé. Èyí tí a rí yìí ń gbé inú AppData\Roaming, nínú fódà kan tí wọ́n fi pamọ́, ọjọ́ tí ó sì wọ ibẹ̀ ni ọjọ́ kan náà tí ẹnìkan fi Microsoft Office tí wọ́n ti já ìdè rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní crack, sórí ẹ̀rọ náà fún un. Mo tẹ ọ̀tún máòsì lórí fáìlì náà, mo wo Propriétés. Kò sí Signatures numériques níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ Microsoft a máa fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ jí orúkọ náà dáadáa: wọn a yí lẹ́tà méjì po kí ó di scvhost, tàbí kí wọ́n fi òdo rọ́pò o. Ẹ fara balẹ̀ kà á lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Mo ní láti sọ ọ́ kedere pé netstat tó mọ́ kò túmọ̀ sí pé ilé mọ́. Àwọn kòkòrò kan ń wọ inú ara ètò rere kí wọ́n tó jáde sí ìta, àwọn mìíràn sì ń pè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójúmọ́. Nítorí èyí, ẹ ní láti wá ibi tí wọ́n ń sùn sí. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló ní láti wá ọ̀nà tí yóò fi jí nígbà tí kọ̀ǹpútà bá tàn, àwọn ibi tí wọ́n lè fi ara pamọ́ sí fún èyí kò sì pọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè wò tán lọ.

Irinṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí ni Autoruns, èyí tí Mark Russinovich kópa nínú kíkọ rẹ̀, tí Microsoft sì ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ gbà á láti ojú ewé Microsoft lórí ẹ̀rọ tó mọ́, kí ẹ fi clé USB, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní fláàṣì, gbé e wá. Nínú Options, ẹ mú Hide Microsoft Entries kí ohun tó jẹ́ ti Windows lè kúrò lójú, kí àkójọ náà sì kúrú. Ẹ wo ìlà tí àwọ̀ rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ dáadáa, nítorí pé kò sí ìfọwọ́sí tó dájú fún fáìlì bẹ́ẹ̀. Èyí tó jẹ́ àwọ̀ yẹ́lò sábà máa ń tọ́ka sí fáìlì tí kò sí mọ́. Bí ẹ bá rí ohun tó rú yín lójú, ẹ yọ àmì inú àpótí tó wà níwájú rẹ̀ dípò kí ẹ pa á rẹ́, kí ẹ lè dá a padà bí ẹ bá ṣàṣìṣe.

Bí kò bá sí Autoruns, ẹ wo ibi mẹ́rin wọ̀nyí pẹ̀lú ọwọ́. Démarrage nínú Gestionnaire des tâches ni àkọ́kọ́. Èkejì ni fódà tí yóò ṣí bí ẹ bá tẹ Windows àti R, tí ẹ sì kọ shell:startup. Ẹ̀kẹta ni Planificateur de tâches, ibi tí a ti ń pàṣẹ iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà yóò máa ṣe ní àkókò kan. Ẹ̀kẹrin ni Services. Mo ń tẹnu mọ́ Planificateur yìí nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lórí kọ̀ǹpútà olùkọ́ náà. Mo pa svchost.exe èké náà rẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, mo tún kọ̀ǹpútà tàn, kò sí níbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí mo ti so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì láti fi dán an wò, ó ti padà sí fódà kan náà pẹ̀lú orúkọ kan náà. Iṣẹ́ kan wà nínú Planificateur tí wọ́n fún ní orúkọ tó jọ ti àtúnṣe ẹ̀rọ aṣàwárí, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí kò bá rí fáìlì náà, kí ó lọ gbé òmíràn wá. Ẹni tó bá pa ejò tí kò wo ihò rẹ̀ ń dáwọ́ lé iṣẹ́ tí kò ní tán.

Ẹ tún wo ohun méjì yìí. Nínú ojú dúdú yẹn, ẹ kọ net localgroup Administrateurs, ẹ ó rí orúkọ àwọn tó ní àṣẹ kíkún lórí kọ̀ǹpútà náà. Bí ẹ bá rí ẹni tí ẹ kò mọ̀, ọ̀rọ̀ ti wúwo. Nínú Sécurité Windows, lábẹ́ àwọn ètò Protection contre les virus et menaces, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Exclusions. Ohunkóhun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀, antivirus kò ní wò ó. Lórí kọ̀ǹpútà olùkọ́ náà, gbogbo dísìkì C ni wọ́n kọ sínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí antivirus fi ń sọ fún un lójoojúmọ́ pé kò sí ewu.

Bí ẹ bá sì rí AnyDesk tàbí TeamViewer, kí ẹ mọ̀ pé ètò rere ni àwọn méjèèjì, tí àwọn oníṣẹ́ fi ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe ẹ̀yin ni ẹ fi í síbẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni.

Yíyọ ọ́ kúrò

Ẹ kọ́kọ́ gba ìwé àti fọ́tò yín là sórí clé USB tàbí dísìkì ìta. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ ṣí fódà èyíkéyìí, ẹ lọ sí Affichage, kí ẹ sì tan Extensions de noms de fichiers, kí fáìlì tó ń jẹ́ facture.pdf.exe má baà fi ara rẹ̀ hàn yín bí ìwé lásán. Fọ́tò, ìwé, orin ni kí ẹ kó. Ẹ má ṣe kó fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí exe, scr, bat, js tàbí lnk.

Lẹ́yìn náà, ẹ nu ohun tó wà nínú Exclusions kúrò, ẹ jẹ́ kí Microsoft Defender, antivirus tó wà nínú Windows fúnra rẹ̀, gba àtúnṣe tuntun, kí ẹ sì lọ sí Options d’analyse láti yan àyẹ̀wò tí wọ́n kọ hors ligne sí. Kọ̀ǹpútà yóò kú, yóò tún tàn, àyẹ̀wò náà yóò sì wáyé kí Windows tó jí, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Èyí ni agbára rẹ̀: ó ṣòro fún kòkòrò tí kò tíì jí láti fi ara pamọ́. Ẹ rí i pé bátìrì kún tàbí kí iná wà, nítorí pé ẹ kò fẹ́ kí ó kú láàárín iṣẹ́. Lẹ́yìn tó bá parí, ẹ ṣe Analyse complète, ẹ sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlẹ́rìí kejì, bíi Microsoft Safety Scanner, èyí tí kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 10 tí ẹ gbà á wọlé, tàbí Malwarebytes. Ẹ má ṣe jẹ́ kí antivirus méjì máa ṣọ́ kọ̀ǹpútà kan náà nígbà gbogbo, nítorí wọn a máa bá ara wọn jà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá fáìlì kan burú, VirusTotal yóò fi ọ̀pọ̀ antivirus yẹ̀ ẹ́ wò fún yín. Ìwé ìfowópamọ́ tàbí ìwé ìdánimọ̀ yín kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ láéláé, nítorí pé àwọn mìíràn lè rí ohun tí ẹ bá gbé síbẹ̀.

Níbí ni èmi àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi kì í ti í fẹnu kò. Wọ́n ní bí antivirus bá ti ní ilé mọ́, iṣẹ́ parí. Èmi kò gbà. Bí ẹ̀rí bá wà pé ènìyàn ti wọlé, pé iná kámẹ́rà tàn tàbí pé orúkọ àjèjì wà láàárín àwọn alákòóso, ẹ nu gbogbo rẹ̀ kí ẹ sì tún Windows fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. A mọ ohun tí a rí. A kò mọ ohun tí ẹni náà fi síbẹ̀ nígbà tí kò sí ẹni tó ń wò ó. Bí ọmọ ọ̀dọ̀ bá ti gbé kọ́kọ́rọ́ ilé lọ, a kì í kàn lé e jáde, a máa ń pààrọ̀ àgádágodo.

Ọ̀nà tó dára jù ni pé kí ẹ lo kọ̀ǹpútà tó mọ́ láti gba ètò ìfìdímúlẹ̀ Windows láti ọ̀dọ̀ Microsoft sórí clé USB tó gba GB 8 ó kéré tán, kí ẹ tan kọ̀ǹpútà tó ṣàìsàn láti orí clé náà, kí ẹ pa gbogbo apá dísìkì rẹ́, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ọ̀nà tó rọrùn ni Réinitialiser ce PC, kí ẹ yan Supprimer tout. Ó máa béèrè bóyá kí ó gba Windows tuntun láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí dára jù, ṣùgbọ́n ó lè jẹ ju GB 4 lọ, kí ẹ ra ìwọ̀n tó tó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe yan Conserver mes fichiers nínú ọ̀ràn bí èyí.

Bí wọ́n bá ti jí owó yín, tàbí tí ẹnìkan ń fi àwòrán yín halẹ̀ mọ́ yín, ẹ má tíì nu ohunkóhun. Ẹ̀rí wà nínú kọ̀ǹpútà náà. Ẹ pa á, ẹ ya fọ́tò gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹni náà kọ ránṣẹ́, kí ẹ sì gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ CNIN, àjọ tí ń ṣe ìwádìí ọ̀ràn íntánẹ́ẹ̀tì ní orílẹ̀-èdè Benin. Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, tí a mọ̀ sí Code du numérique, ka wíwọ inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ojú ń ti ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin láti sọ ọ́, èyí sì ń dùn mí gan-an, nítorí pé àwọn kọ́ ni wọ́n ṣẹ̀.

Ibi tí ó gbà wọlé

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kì í ráyè wọ̀ ọ́. Ní agbègbè wa, ibi méjì ni ògiri sábà máa ń lanu sí. Èkíní ni crack. Ẹni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ pa antivirus kí ẹ tó fi ètò òun sórí kọ̀ǹpútà ti sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún yín. Mo fi LibreOffice sórí kọ̀ǹpútà olùkọ́ náà. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣí ìwé Word àti Excel, gbogbo máàkì rẹ̀ sì ṣí láìsí wàhálà. Bí ẹ bá ra kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀, ẹ nu ún kí ẹ tó tẹ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé kankan sínú rẹ̀, nítorí pé ẹ kò mọ ẹni tó lò ó kẹ́yìn tàbí ẹni tó tún un ṣe.

Èkejì ni clé USB tó ń lọ láti ibi ìtẹ̀wé kan sí òmíràn. Bí ẹ bá fi ìwé síta láti tẹ̀ ẹ́, tí ẹ padà dé ilé tí ẹ rí i pé gbogbo fódà inú clé náà ti di ọ̀nà àbùjá pẹ̀lú ọfà kékeré lára, ẹ má ṣe tẹ̀ wọ́n. Àwọn ìwé yín ṣì wà níbẹ̀, wọ́n kàn fi wọ́n pamọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí Defender yẹ clé náà wò ná. Èmi a máa fi ìwé tí mo fẹ́ tẹ̀ ránṣẹ́ sí ara mi lórí ímeèlì, kí n má baà gbé clé lọ rárá.

Windows 10 kò gba àtúnṣe ọ̀fẹ́ bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a ń lò níhìn-ín ti dàgbà ju ohun tí Windows 11 ń gbà lọ. Fún irú wọn, Linux Mint, irú Linux kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ni mo ń fi sí i. Ọjọ́ díẹ̀ ni ó ń gba ènìyàn kí ó tó mọ́ ọn lára.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi Windows tuntun sí i, ẹ dá orúkọ aṣàmúlò kejì sílẹ̀ tí kò ní àṣẹ alákòóso, kí ẹ sì máa fi òun ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́, kí ohun tó bá fẹ́ fìdí múlẹ̀ ní láti béèrè lọ́wọ́ yín. Kí ẹ tó dá àwọn ìwé tí ẹ kó pamọ́ padà, ẹ jẹ́ kí Defender yẹ̀ wọ́n wò lórí clé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún ṣí ojú dúdú náà, ẹ kọ netstat -ano, kí ẹ sì fi àkójọ rẹ̀ wé fọ́tò ti àkọ́kọ́. Olùkọ́ náà ṣe é níwájú mi. Àdírẹ́sì àjèjì tí a rí nígbà àkọ́kọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Kì í ṣe ní ọjọ́ yẹn nìkan, kò sì sí níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.